Ìgò kọfí kan, apá róbọ́ọ̀tì kan, àti obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ kò gbéra mọ́: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀

Obìnrin tí àkọsílẹ̀ yìí dá lé lórí ti ń sún mọ́ ẹni ọgọ́ta ọdún nígbà tó fi àmì inú ọpọlọ rẹ̀ darí apá róbọ́ọ̀tì láti mu kọfí ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2011. Ní nǹkan bí ọdún 15 ṣáájú ìgbà náà ni rọpárọsẹ̀ kọ lù ú ní ìdí ọpọlọ, níbi tí ọpọlọ ti so mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni àṣẹ tí ọpọlọ ń pa fún apá, ẹsẹ̀ àti ahọ́n ń gbà kọjá. Nígbà tí ibẹ̀ bàjẹ́, àṣẹ kò dé ọ̀dọ̀ iṣan mọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni ibi tó ń pàṣẹ náà lókè ṣì wà níbẹ̀. Kò lè sọ̀rọ̀, kò sì lè fi ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ṣe ohunkóhun. Ó ń ríran, ó ń gbọ́ràn, òye rẹ̀ pé, tí wọ́n bá sì fọwọ́ kàn án, ó mọ̀ ọ́n lára. Nígbà míì tó bá gbìyànjú láti gbé ọwọ́, apá rẹ̀ á kàn súnkì fúnra rẹ̀, ìyẹn kò sì ṣeé fi ṣe iṣẹ́ kankan. Láti ọjọ́ tí àìsàn náà ti dé, ẹlòmíràn ló ń gbé ife sí i lẹ́nu.

Ẹni tó bá ń to apá róbọ́ọ̀tì mọ́ àga oníkẹ̀kẹ́ mọ ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ jáde: kí ló kù tí ẹni yìí lè mì? Ẹni tó fara pa lọ́rùn, tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ já ní C4 (ìpele kẹrin ní ọrùn), ṣì lè yí orí, ó sì lè sọ èjìká sókè. Wọ́n lè fi ọ̀pá ìdarí sí abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, tàbí kí wọ́n to sẹ́ńsọ̀, ẹ̀rọ kékeré tó ń mọ̀ bí nǹkan bá mì tàbí kan án, sí ìrọ̀rí tó fi orí lé. Ẹni tí èémí rẹ̀ ṣì lágbára lè lo ọ̀pá tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí: fífà díẹ̀, fífà gidi, fífẹ́ díẹ̀, fífẹ́ gidi, àṣẹ mẹ́rin nìyẹn. Ojú náà wúlò, nítorí kámẹ́rà lè máa tọpa ibi tí ẹyinjú ń wò. Àmọ́ ojú yìí kan náà ni èèyàn fi ń ṣọ́ ìgò tí ọwọ́ fẹ́ mú. Bó bá yíjú sí bọ́tìnì lórí kọ̀ǹpútà, kò rí ìgò mọ́. Bó bá yíjú sí ìgò, ẹ̀rọ lè rò pé àṣẹ ló ń pa.

Ohun kan ló bá gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí jà, òun ló sì wà nídìí gbogbo ohun tó kù nínú àkọsílẹ̀ yìí. Ohun tí apá ń béèrè pọ̀ ju ohun tí ẹni náà lè fún un lẹ́ẹ̀kan náà lọ. Kí ọwọ́ tó lè dé ibi tó yẹ, ó ní láti lọ síwájú tàbí sẹ́yìn, sí òsì tàbí ọ̀tún, sókè tàbí nílẹ̀: mẹ́ta nìyẹn. Ọrùn ọwọ́ ń yí lọ́nà mẹ́ta mìíràn. Ìka tó ń ṣí tó ń pa dé ṣe ìkeje. Ọ̀pá ìdarí lásán kò lè fúnni ju méjì lọ lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ẹni tó ń lò ó á máa yí láti ipò kan sí òmíràn: ipò ìrìn, ipò gíga, ipò ọrùn ọwọ́, ipò ìka. Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Carnegie Mellon tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 2016 pé àsìkò tí wọ́n ń lò lórí yíyí ipò nìkan ju ìdá kan nínú mẹ́fà gbogbo àsìkò iṣẹ́ lọ. Ẹni tó ti rí i tí èèyàn kan fẹ́ gbé ọwọ́ sókè, tó gbàgbé pé ipò ọrùn ọwọ́ lòun wà, tí omi sì dà sí i láyà, mọ̀ pé àsìkò nìkan kọ́ ló ń ṣòfò níbẹ̀.

Ohun tí wọ́n fi sí i lórí

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2005, lábẹ́ ìwádìí tí wọ́n ń pè ní BrainGate, tí Yunifásítì Brown àti ilé ìwòsàn Massachusetts General Hospital wà lára àwọn tó ń darí rẹ̀, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Wọ́n gbé ẹ̀rọ onígun mẹ́rin kékeré kan, mìlímítà 4 ní ìbú àti ní òòró, lé ojú ọpọlọ níbi tó ń darí apá àti ọwọ́. Abẹ́rẹ́ tó ń gba àmì lára ẹ̀rọ náà jẹ́ 96, kò sì sí èyí tó gùn ju mìlímítà kan àbọ̀ lọ. Wáyà tín-ín-rín gbé àmì wọn lọ síbi ìdè kékeré kan tí wọ́n kàn mọ́ agbárí, tó yọrí síta láàárín awọ orí. Tó bá di àsìkò iṣẹ́, wọ́n á so okùn mọ́ ìdè yìí, okùn náà á sì lọ sọ́dọ̀ àwọn kọ̀ǹpútà tí wọ́n kó jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohun tó ń yọ láti inú awọ síta lè di ọ̀nà fún kòkòrò àrùn, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ wà ní mímọ́ nígbà gbogbo. Bí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ kò bá sì sí nítòsí, kò sí ohun tí ẹ̀rọ náà lè ṣe.

Ó yẹ kí èyí yé àwọn ẹbí tó máa ń bi dókítà nípa irú ẹ̀rọ yìí: abẹ́rẹ́ wọ̀nyẹn kì í gbọ́ èrò. Ohun tí wọ́n ń gbọ́ ni ìdún kéékèèké iná mànàmáná tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ń ta nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, ti àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà ní ẹ̀gbẹ́ abẹ́rẹ́ gan-an. Lára ẹgbàágbèje sẹ́ẹ̀lì tó wà níbẹ̀, díẹ̀ kín-ún ni wọ́n ń gbọ́. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ní ìhà tó fẹ́ràn. Èyí máa ń dún léraléra tí èèyàn bá fẹ́ na ọwọ́ sí òsì, á sì dákẹ́ díẹ̀ tó bá di ọ̀tún. Òmíràn ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún iwájú àti ẹ̀yìn. Ètò kọ̀ǹpútà á kó gbogbo ìdún wọ̀nyí pọ̀, á sì fi ṣírò ibi tí ẹni náà fẹ́ kí ọwọ́ lọ àti bó ṣe fẹ́ kó yára tó. Ọ̀nà ìṣirò tí wọ́n lò ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ mọ̀ sí Kalman: kò gba ohun tó gbọ́ ní ìṣẹ́jú yìí gbọ́ tán, ó ń dà á pọ̀ mọ́ ibi tí ọwọ́ ti ń lọ tẹ́lẹ̀, kí ìrìn náà lè dán. Ètò kejì, tó dá dúró, ń gbọ́ àmì kan ṣoṣo: ṣé ẹni náà ń gbìyànjú láti di ọwọ́ ni, àbí kò gbìyànjú?

Láàárín ọdún 2005 sí 2011, atọ́ka lójú kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Ìpinnu kan nígbà yẹn ló la ọ̀nà fún apá róbọ́ọ̀tì. Èèyàn lè túmọ̀ àmì ọpọlọ sí ibi tí atọ́ka yẹ kó wà, ó sì lè túmọ̀ rẹ̀ sí bí atọ́ka ṣe yẹ kó máa lọ. Lọ́dún 2008, ìwádìí tí obìnrin yìí kópa nínú rẹ̀ fi hàn pé ìkejì dára jù: bí wọ́n bá túmọ̀ ìyára àti ìhà, atọ́ka ń lọ tààrà, ó sì ń dúró dáadáa. Lẹ́yìn náà wọ́n tún tẹ̀ ẹ́ jáde pé ní ọjọ́ ẹgbẹ̀rún lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ó ṣì ń darí atọ́ka tó sì ń tẹ ohun tó fẹ́ tẹ̀.

Ìgbìyànjú kìíní: bọ́ọ̀lù orí ọ̀pá

Nígbà tí apá róbọ́ọ̀tì dé, abẹ́rẹ́ ti wà lórí rẹ̀ fún ohun tó lé ní ọdún márùn-ún. Àmì tó ń jáde kò lágbára bíi ti ìbẹ̀rẹ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn nínú iṣẹ́ yìí ló ń retí nígbà yẹn pé ẹ̀rọ tó bá pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nínú ọpọlọ kò ní wúlò mọ́.

Apá méjì ni wọ́n lò. Ọ̀kan wá láti DLR, ibùdó ìjọba Jámánì fún ìwádìí òfúrufú: apá oníríkèé méje tó ní sẹ́ńsọ̀ agbára ní oríkèé kọ̀ọ̀kan, tó lè mọ̀ bí nǹkan bá ń tì í, tó sì lè rọ̀ nígbà tó bá kan nǹkan. Èkejì ni apá àtọwọ́dá tí ilé iṣẹ́ DEKA ṣe fún àwọn tí wọ́n ti gé lápá, tí wọ́n gbé kalẹ̀ lórí ìdúró kan.

Wọn kì í fi ètò ọjọ́ kan ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ mìíràn. Ohun tí abẹ́rẹ́ ń gbọ́ lónìí lè yàtọ̀ sí ti àná, nítorí ọpọlọ ń mì díẹ̀, sẹ́ẹ̀lì kan lè dákẹ́, òmíràn lè yọjú. Nítorí náà, iṣẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú títo ètò náà mọ́ ọn. Ní ìpele kìíní, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló ń gbé apá lọ síbi bọ́ọ̀lù, obìnrin náà á máa wò ó, á sì máa gbìyànjú nínú ara rẹ̀ bí ẹni pé ọwọ́ òun ló ń lọ. Ètò á kọ ohun tí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ṣe sílẹ̀ fún ìhà kọ̀ọ̀kan. Ní ìpele kejì, wọ́n fi apá lé e lọ́wọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ràn án lọ́wọ́: bí àṣẹ rẹ̀ bá yà kúrò lójú ọ̀nà tó lọ síbi bọ́ọ̀lù, kọ̀ǹpútà á dín ìyapa náà kù, kò sì ní fọwọ́ kan èyí tó ń lọ tààrà. Bí wọ́n ṣe ń tún ètò náà tò, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń dín ìrànlọ́wọ́ kù, títí tó fi dá ṣe é.

Ìpele kejì yìí ni àwọn tó ń kánjú máa ń fẹ́ fò, kò sì yẹ kí wọ́n fò ó. Sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ kì í ṣe bákan náà nígbà tí èèyàn kàn ń wòran àti nígbà tó ń rí àṣìṣe ara rẹ̀ tó sì ń tún un ṣe. Ètò tí wọ́n kọ́ lórí ìwòran nìkan á máa fa apá sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹni náà á máa bá a jà, yóò sì rẹ̀ ẹ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ náà lọ báyìí: bọ́ọ̀lù fóòmù tí ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 6 wà lórí ọ̀pá tó ń tẹ̀, bọ́ọ̀lù kan lẹ́ẹ̀kan. Ó ní ìṣẹ́jú-àáyá 30 láti gbé ọwọ́ dé ibẹ̀, kó sì dì í mú. Iwájú-ẹ̀yìn, òsì-ọ̀tún àti òkè-ilẹ̀, gbogbo rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, pẹ̀lú dídi ọwọ́. Ọrùn ọwọ́ kò sí lábẹ́ àṣẹ rẹ̀.

Pẹ̀lú apá DLR, nínú ìgbìyànjú 80, ó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù nígbà 39, ó sì dì í mú nígbà 17. Pẹ̀lú apá DEKA, nínú 78, ó kàn án nígbà 54, ó sì dì í mú nígbà 36. Ẹni tó bá wo iye yìí lóréfèé lè sọ pé kò tó nǹkan. Kó tún un wò. Sẹ́ẹ̀lì díẹ̀, láti ibì kan tí kò tóbi ju èékánná lọ, ń darí apá nínú àyè tó ní gíga àti jíjìn, fún ẹni tí kò tíì fi ìfẹ́ inú ara rẹ̀ gbé nǹkan kan láti bí ọdún 15.

Àmọ́ ibi tí ìgbìyànjú ti kùnà ṣe pàtàkì fún àwa tó ń to irú nǹkan yìí. Ẹ wo àlàfo tó wà láàárín kíkàn àti dídì mú: lọ́dọ̀ DLR, ó ju ìdajì lọ nínú àwọn ìgbà tó kan bọ́ọ̀lù tí kò sì rí i dì mú. Ọwọ́ ti débẹ̀; ẹnu ọwọ́, ìyẹn àlàfo tó wà láàárín ìka tó ṣí, ni kò gbà á. Nígbà tó bá ṣí tán, ẹnu ọwọ́ DLR kò fẹ̀ ju ìlọ́po 1.3 bọ́ọ̀lù náà lọ, ti DEKA sì jẹ́ ìlọ́po 1.8. Àyè tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀lù nínú ọwọ́ DLR kò tó sẹ̀ǹtímítà méjì lápapọ̀. Níwọ̀n bí kò sì ti lè yí ọrùn ọwọ́, ìwọ̀nba ìhà díẹ̀ ló lè gbà wọlé, ọ̀pá tó gbé bọ́ọ̀lù dúró sì tún wà nísàlẹ̀ tí ọwọ́ kò gbọ́dọ̀ kọ lù. Tí a bá kan fi ẹ̀sùn kan ọpọlọ tàbí ètò ìtumọ̀, a ó máa tún ibi tí kò bàjẹ́ ṣe. Fífẹ̀ ẹnu ọwọ́ àti ìhà tó dojú kọ jẹ́ ọ̀rọ̀ irinṣẹ́, wọ́n sì ṣeé tún ṣe láìdé orí ẹnikẹ́ni.

Ẹnì kejì tó kópa nínú ìwádìí yìí kan náà, ọkùnrin kan tí abẹ́rẹ́ tirẹ̀ ṣì tuntun, lo apá DEKA. Nínú ìgbìyànjú 45, ó kan bọ́ọ̀lù nígbà 43, ó sì dì í mú nígbà 28. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má tàsé bọ́ọ̀lù rárá, síbẹ̀ àlàfo láàárín kíkàn àti dídì mú kò kúrò níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà

Oṣù kẹrin ọdún 2011 ni ti ìgò kọfí. Orí tábìlì ni ìgò náà wà, sítírọ́ọ̀ wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ náà ni kí ó nawọ́ mú un, kó gbé e wá sẹ́nu, kó mu, kó sì dá a padà sórí tábìlì.

Bí wọ́n bá fi ọ̀nà ti bọ́ọ̀lù ṣe é, ó ṣeé ṣe kó má bọ́ sí i. Ìgò tó ní ohun mímu nínú kò gba kí ọwọ́ máa lọ sókè sódò bó ṣe wù ú, kò gba kó dà, kò sì gba kí ọwọ́ fi tipátipá kọ lu ẹnu èèyàn. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n dín ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kù. Dípò ìhà mẹ́ta, ìhà méjì péré ló ń darí, lórí ojú tábìlì: iwájú-ẹ̀yìn àti òsì-ọ̀tún. Gíga di ti apá. Bó ṣe yẹ kí ìgò wà ní ìnàró di ti apá. Agbára tí ìka fi ń mú ìgò di ti apá. Ohun kejì tó kù lọ́wọ́ obìnrin náà ni àmì dídi ọwọ́, àmọ́ wọ́n kò fi mọ sí dídi ọwọ́ nìkan mọ́. Wọ́n sọ ọ́ di ìpinnu: ó ń sọ fún apá pé, “Ó tó, ṣe èyí tó kàn.” Ohun tó kàn yìí sì ń yí padà bí iṣẹ́ ṣe ń tẹ̀ síwájú.

Bó ṣe lọ rèé. Ó darí ọwọ́ lójú tábìlì títí ìgò fi wọ àárín ìka. Ó pa àṣẹ dídi: ìka di ìgò mú, apá sì gbé e kúrò lórí tábìlì. Ó tún gba ìdarí ìhà méjì padà, ó gbé ìgò bọ̀ níwájú ẹnu rẹ̀. Ó pàṣẹ lẹ́ẹ̀kejì: apá dúró síbi tó wà, ọrùn ọwọ́ yí díẹ̀ kí sítírọ́ọ̀ lè dé ètè. Ó mu. Ó pàṣẹ lẹ́ẹ̀kẹta: ìgò padà sí ìnàró. Ó darí rẹ̀ lọ sórí tábìlì, ó pàṣẹ: apá sọ ìgò kalẹ̀, ìka ṣí.

Ìgbìyànjú mẹ́fà ló ṣe, mẹ́rin yọrí sí rere. Ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti kọ lù ú tó gbé ohun mímu wá sẹ́nu ara rẹ̀ tó sì mu ún nípa ìfẹ́ inú ara rẹ̀. Ẹ̀rín tó bọ́ sójú rẹ̀ nígbà tó sọ ìgò kalẹ̀ wà nínú fídíò tí wọ́n gbé jáde pẹ̀lú ìwádìí náà nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature ní oṣù karùn-ún ọdún 2012. Ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí wò ó, kí wọ́n lè mọ ohun tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún.

Ìkejì àti ìkarùn-ún ló kùnà, ìdí kan náà ló sì ba méjèèjì jẹ́: ẹnu ọwọ́ kò dojú kọ ìgò dáadáa, ó sì kù díẹ̀ kí apá ti ìgò ṣubú kúrò lórí tábìlì. Wọ́n dá iṣẹ́ dúró kó tó ṣubú. Ẹ kíyè sí i pé ibi tí bọ́ọ̀lù ti kùnà náà ni ìgò ti kùnà. Kò kùnà níbi ẹnu, kò kùnà níbi yíyí ọrùn ọwọ́, kò kùnà níbi ìpinnu. Níbi tí apá bá ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, iṣẹ́ náà lọ geere. Bí ọwọ́ ṣe ń wọlé sí ìgò ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan, ibẹ̀ ló sì ti yẹ̀.

Ohun tí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí lè mú níbẹ̀

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ẹ ó to apá róbọ́ọ̀tì fún kò ní ní abẹ́rẹ́ nínú ọpọlọ. Àgbọ̀n, orí, èémí tàbí ojú ni wọ́n ó lò. Ẹ̀kọ́ ìgò kọfí yìí bá gbogbo wọn mu, nítorí ìṣòro àṣẹ tó kéré àti apá tó ń béèrè púpọ̀ kò yàtọ̀.

Ṣáájú ohun gbogbo, ẹ kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ìpele-ìpele, kí ẹ sì béèrè ní ìpele kọ̀ọ̀kan pé: kí ni ẹni yìí gan-an gbọ́dọ̀ pinnu níbí? Ní orí tábìlì, ibi tí ìgò wà ni. Níwájú ẹnu, ìgbà tó fẹ́ mu ni. Ohun tó kù, ẹ gbé e fún ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbé ìpinnu fún ẹ̀rọ. Apá tó ń gbé ife wá sẹ́nu láìjẹ́ pé wọ́n pè é kò yàtọ̀ sí olùtọ́jú tó ń fún èèyàn lóúnjẹ láìbi í léèrè. Nínú ìṣẹ̀lẹ̀ yìí, kò sí ìpele kan tí apá wọ̀ láìgba àṣẹ lọ́dọ̀ obìnrin náà, kódà láti dá ìgò padà sí ìnàró lẹ́yìn tó mu tán.

Bí àṣẹ kan bá máa ní ìtumọ̀ tó ń yí padà, ẹni tó ń lò ó gbọ́dọ̀ lè rí ìtumọ̀ tó wà lórí rẹ̀ báyìí. Iná aláwọ̀ kan lára apá, tàbí ohùn kúkúrú, ti tó. Ẹ má fi àkọlé sójú kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lára ìgò. Ẹ sì fi àsìkò díẹ̀ sílẹ̀ kí àṣẹ kan tó ṣiṣẹ́, kí èyí tó bọ́ lójijì, bóyá nítorí iṣan súnkì tàbí ikọ́, má bàa ṣí ìka nígbà tí ìgò ṣì wà lókè.

Ẹnu ọwọ́ àti ohun tó máa mú ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀n, kí ẹ tó fọwọ́ kan ètò kankan. Bí ìgò bá fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀ tó ẹnu ọwọ́, ẹ pààrọ̀ ìgò. Ife tó ní etí tó fẹ̀, tàbí ìgò tó tín-ín-rín láàárín, rọrùn jù. Ẹ tẹ́ rọ́bà tí kì í yọ̀ sábẹ́ rẹ̀; ìgò tí kò yọ̀ nígbà tí ìka kan án ń fún èèyàn láyè láti tún ọwọ́ tò. Ká ní àwọn ìgbìyànjú méjì tó kùnà wọ̀nyẹn ní ìgò tó dúró gírígírí, bóyá àyè àtúnṣe á ti wà.

Lórí àga oníkẹ̀kẹ́, ìṣòro kan wà tí kò sí nínú yàrá ìwádìí. Ẹni tí kò lè yí ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa da àga sẹ́yìn lóòrèkóòrè kí egbò má bàa jáde lára ìdí rẹ̀. Bí wọ́n bá so apá mọ́ ìjókòó, tí ìjókòó sì dà sẹ́yìn, “òkè” tí apá mọ̀ kì í ṣe òkè gidi mọ́, ìgò tó rò pé ó wà ní ìnàró á sì ti tẹ̀. Ẹ wádìí bóyá apá náà ní ohun tó fi ń mọ ìtẹ̀sí ìdí rẹ̀. Bí kò bá ní, ẹ ṣe é kó má lè ṣiṣẹ́ nígbà tí ìjókòó bá ti dà. Bó bá jẹ́ sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n dè mọ́ orí ló ń darí rẹ̀, ẹ fi òmíràn sí ara àga, kí ẹ máa yọ ti àga kúrò nínú ti orí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bí àga bá yí níbi kọ̀nà, apá á rò pé orí ló yí.

Nípa títo ètò mọ́ èèyàn, ìpele tó ń ṣe é fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ tó ń dín kù ṣeé lò fún ọ̀pá àgbọ̀n àti sẹ́ńsọ̀ orí pẹ̀lú. Ẹ tò ó nígbà tí ara rẹ̀ yá, kí ẹ sì tún tò ó ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tó ti rẹ̀ ẹ́, nítorí ọrùn kì í lọ jìnnà tó bó ṣe ń lọ láàárọ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń kọ àbájáde sílẹ̀, ẹ ya kíkàn sọ́tọ̀ kúrò lára dídì mú, kí ẹ sì ya dídì mú kúrò lára iṣẹ́ tó parí. Ẹ kọ ìdí tí wọ́n fi dá ìgbìyànjú kọ̀ọ̀kan dúró. “Mẹ́rin nínú mẹ́fà” nìkan kò kọ́ni ní nǹkan kan. “Ẹnu ọwọ́ kò dojú kọ ìgò” ló ń sọ ohun tó yẹ kí a tún ṣe.

Àwọn mìíràn ti gbé iṣẹ́ náà síwájú láti ìgbà náà. Ní ìlú Pittsburgh ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 2013, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde pé obìnrin kan tó ní abẹ́rẹ́ 96 lọ́nà méjì nínú ọpọlọ darí gbogbo ohun méje náà lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú ọrùn ọwọ́. Lọ́dún 2021, níbẹ̀ náà, wọ́n fi iná mànàmáná díẹ̀ sí ibi tí ọpọlọ ti ń mọ ìfọwọ́kàn nígbà tí ìka róbọ́ọ̀tì bá kan nǹkan. Àsìkò tí ọkùnrin tó ń lò ó fi ń mú nǹkan tó sì ń gbé e lọ síbòmíràn sọ̀ kalẹ̀ láti nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 21 sí 10. Èyí tó pọ̀ jù nínú àsìkò tó dín kù jẹ́ ti àkókò tí ìka ti dé ibi nǹkan náà tí kò sì tíì dì í mú, ibẹ̀ gan-an ni ìgò kọfí ti yẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Fún ẹni tí kò ní abẹ́rẹ́, sẹ́ńsọ̀ ní orí ìka tó ń dún tàbí tó ń tan iná nígbà tó bá kan ìgò ń ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí, owó rẹ̀ kò sì pọ̀.

Ìdádúró pàjáwìrì ló gbẹ̀yìn. Nínú ìṣẹ̀lẹ̀ yìí, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló dá apá dúró lẹ́ẹ̀mejì. Nínú ilé, ẹni yẹn lè má sí níbẹ̀. Bọ́tìnì pupa lára apá kò wúlò fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò gbéra. Ẹ fi ọ̀nà ìdádúró sí ibi tó lè dé láìlo ohun tó fi ń darí apá: bí àgbọ̀n bá ń darí, kí ẹ̀yìn orí dá a dúró, bí ojú bá ń darí, kí èémí dá a dúró. Ẹ dín ìyára kù tí ọwọ́ bá ti sún mọ́ ojú, kí ẹ sì dán ìdádúró náà wò níbi tí apá ti yára jù, nígbà tí àga dà sẹ́yìn, àti nígbà tó ti rẹ ẹni náà. Omi tútù, ìdajì ife, ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Kí kọfí gbígbóná dúró di ìgbà tí ìdádúró náà bá ti ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo ibi wọ̀nyẹn láìtàsé.